Ẹ̀rọ Ìjórin Tí Bàbá Rẹ Rà Nínú Fóònù

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o, mo kí ọ kú iṣẹ́, kú ìrìn, kú àtẹ̀gùn tí o ń gùn lójoojúmọ́ kí o tó dé yàrá rẹ, nítorí o sọ pé ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn lọ sókè ti bàjẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní yẹ̀. Ibi tí o bá fọwọ́ kàn, ire ni yóò máa jáde níbẹ̀, ọ̀gá rẹ kò sì ní fi ojú burúkú wò ọ́. Bí o bá ń béèrè wa, ara wa le, ẹ̀yìn bàbá rẹ nìkan ló ń dùn wọ́n, ẹjọ́ ẹ̀yìn náà gan-an ni mo sì jókòó láti rò fún ọ.

O mọ ọkọ̀ àtijọ́ tó wà lábẹ́ páànù lẹ́yìn ilé, èyí tí adìyẹ ń yé sí lórí àga ẹ̀yìn. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí láti àárọ̀, wọn kì í sọ̀rọ̀, wọn á kàn máa fi ìka kan ibi tó ti dípẹtà, ìpẹtà á máa já bọ́, àwọn náà á máa mí kanlẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Ọkùnrin tó bá ti ń bá ọkọ̀ kẹ́dùn, kò ní pẹ́ tí yóò fi máa kí i káàárọ̀. Èmi náà sì ń wá ibi tí mo máa gbé tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ sí, ni mo bá ní ká ta ọkọ̀ náà fún wẹ́dà tó ń ṣe géètì ní òpópónà wa, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní Jó-o-tán, nítorí ohun tó bá gbà láti jó pọ̀, ó sábà máa ń jó o tán ni. Jó-o-tán ní òun á rà á bí irin àlòkù. Ni bàbá rẹ bá dìde, wọ́n ní ilẹ̀ ọkọ̀ nìkan ló jẹrà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì le, àwọn á tún un ṣe fúnra àwọn. A wá fohùn ṣọ̀kan pé bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ tí ilẹ̀ ọkọ̀ náà ò tíì dí, ọkọ̀ á lọ, tábìlì á wọlé.

Bí bàbá rẹ ṣe wọ inú fóònù nìyẹn. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń kọ́ni bí a ṣe ń yan ẹ̀rọ ìjórin. Bó bá ti yọjú, á ní ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Mo máa ń dá a lóhùn, mo sì máa ń bi í pé ilé ńkọ́, ṣùgbọ́n kò tíì dáhùn rí, ó jọ pé bàbá rẹ nìkan ló mọ̀. Ó ní irin ara ọkọ̀ fẹ́lẹ́, irú ẹ̀rọ tí Jó-o-tán ń lò á dá ihò sí i ni, MIG ni kí wọ́n rà. Mo ní ta ni Mígì, ọmọ ilé ta ni? Bàbá rẹ ní orúkọ ẹ̀rọ ni.

Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ tóbi bíi kọ́bọ́ọ̀dù, iná ilé iṣẹ́ ńlá ló sì ń jẹ, bí a bá kì í bọ ògiri wa, ojú gbogbo àdúgbò ló máa ṣókùnkùn. A fi ìyẹn sílẹ̀. Èyí tó pọ́ọ́kú jù kò ṣeé dín agbára rẹ̀ kù, ó dà bíi bàbá rẹ tí inú bá ń bí wọn. Ti àárín ló wá kù, iná ilé lásán ló ń lò, ó ṣeé dín kù fún irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, a sì lè bẹ̀rẹ̀ láìsí gáàsì, ká wá ra gáàsì bí ọwọ́ bá ti tẹ owó. Bàbá rẹ ní àwọn tó ti rà á fún un ní ìràwọ̀ mẹ́rin àti ààbọ̀. Mo bi wọ́n pé ta ló bu ìràwọ̀ karùn-ún jẹ, wọ́n ní kí n má dá àwọn lágara. Àbùkù kan ṣoṣo tí mo rí níbẹ̀ ni pé bó bá ṣiṣẹ́ díẹ̀, ó gbọ́dọ̀ sinmi ju bó ṣe ṣiṣẹ́ lọ. Mo ní kí wọ́n bi ọkùnrin náà bóyá ààyè kù níbi iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, torí irú rẹ̀ gan-an ni àbúrò rẹ ń wá kiri.

Fóònù wá sọ pé ẹ̀rọ ti wà nínú agbọ̀n wa. Mo wo agbọ̀n ilé ìdáná, mo wo èyí tí mo ń kó òwú sí, mo tiẹ̀ lé adìyẹ kúrò nínú tirẹ̀, kò sí nǹkan kan. Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Mi ò bínú, ọmọ mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn.

Nígbà tí ẹ̀rọ dé, bàbá rẹ dé ìbòjú dúdú, wọ́n kó sínú ọkọ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀. Ìlà tí wọ́n jó rí bí itọ́ ọmọdé tó sùn. Ibi tí ihò kan wà, ó di méjì. Irin tuntun tí wọ́n fẹ́ fi lẹ̀ ẹ́ ká kò bí etí ajá, ẹ̀yìn wọn náà sì há. Jó-o-tán fara ti ọgbà, ó ní òun ti ń wo ojú ọ̀run, òun á mú ọkọ̀ akẹ́rù wá. Bàbá rẹ bọ́ ìbòjú, wọ́n padà síbi ìjókòó wọn àtijọ́, wọ́n tún ń fi ìka kan ìpẹtà. Ó yẹ kí inú mi dùn nítorí tábìlì mi, kò dùn.

Ni mo bá lọ ṣí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà wò. Ọmọ mi, okùn irin tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà níbẹ̀, wọ́n wé e jọ bí ìdì òwú, àwọn kẹ̀kẹ́ kéékèèké méjì ń tì í lọ síwájú, ó ń gba inú rọ́bà jáde lẹ́nu. Mo pariwo. Mo ní ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ rà, ẹ ò sì sọ fún mi! Bàbá rẹ ní kì í ṣe ìránṣọ. Mo ní bí ó ti wù kó jẹ́, ta ló ń rán nǹkan láti etí kan dé èkejì lẹ́ẹ̀kan náà, tí kò ní súnkì? Ṣebí a máa ń fi píìnì mú un níbí, ká mú un lọ́hùn-ún, ká tó wá rán àárín.

Wọ́n wò mí títí, wọ́n sì gbé ìbòjú lé mi lọ́wọ́. Mo jókòó sínú ọkọ̀ lórí àpótí ìránṣọ mi. Mo ní òwú ti ń yá ju ọwọ́ lọ, wọ́n dín in kù, ohùn rẹ̀ sì wá ń dún bí ẹni ń dín ẹyin. Mo mú un níbí, mo jẹ́ kó tutù, mo mú un lọ́hùn-ún. Bàbá rẹ di irin mú fún mi, wọ́n tún gbé àkísà tútù dání nítorí iná. Bí ẹ̀rọ bá ń sinmi, àwa náà á sinmi, a ó máa sọ̀rọ̀. A sọ̀rọ̀ ju bí a ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí.

Òjò bá ilẹ̀ ọkọ̀ ní dídí. Jó-o-tán mú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ dé, ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó ní ta ló ṣe é. Mo rò pé bàbá rẹ máa ní àwọn ni. Wọ́n na ìka sí mi, wọ́n ní ìyàwó àwọn ni, kó má sì fi ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ kan iṣẹ́ náà. Jó-o-tán rẹ́rìn-ín, ó wá rọra bi mí bóyá mo lè bá òun rán ìdí ilẹ̀kùn ọkọ̀ oníbàárà òun kan.

Nítorí náà, fi owó gáàsì ránṣẹ́. Kì í ṣe ti ìdáná o, mo gbé ti ìdáná fún bàbá rẹ, wọ́n fò bí ẹni rí ejò. Èyí kì í jó rárá, ńṣe ló ń bo iná kí atẹ́gùn má bà á jẹ́. Ra ìbòjú tó gba gèlè kún un. Ka owó náà dáadáa kí o tó kì í bọ fóònù, torí ti ìjelòó, báǹkì ní àwọn yọ díẹ̀ lójú ọ̀nà. Bi wọ́n pé ebi ń pa wọ́n ni?

Ohun tó já láyé rẹ á so pọ̀, ibi tó lu á dí, ìwọ àti ayọ̀ kò ní yà. Mi ò lè kọ jù báyìí lọ. Bàbá rẹ ti ń tẹ hóònù níta, wọ́n ní kí n wá jókòó síwájú, a fẹ́ gùn ún dé orí títì.

Èmi ni ìyá rẹ,
aránṣọ, aránrin.