Ibi Tí Ẹran Apá Mi Gbà Lọ

Ilé Alájà Méjì,
Yàrá Òkè.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹsàn-án.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ọ̀gá Ìṣirò,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ń kọ́? Àwọn ọmọ-ọmọ ń kọ́, àti orúnkún rẹ tó máa ń kéde òjò kí òjò tó dé? Mo kí gbogbo yín. Èmi náà wà níbẹ̀. Mò ń jẹ, mò ń sùn.

Ìyàwó mi kò sí nílé mọ́. Fara balẹ̀, kò kú o. Ọmọ wa obìnrin ló wá mú un lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

O mọ̀ pé látìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ, èmi ni mò ń gbé e láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga láràárọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, apá mi kọ̀. Ikùn mi sì wà láàárín àwa méjèèjì bí àlejò tí kò fẹ́ lọ, n kò lè sún mọ́ ọn tó. Bí a ṣe rọra yọ̀ sílẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ní bí àgbà bá ṣubú, a wẹ̀yìn wò; àga nìkan ni mo rí. Ìyàwó mi ní, "Tíṣà, ṣé ibi tí ẹ ń gbé mi lọ nìyí?" A rẹ́rìn-ín títí, àfi ìgbà tí a fẹ́ dìde tí a ò lè dìde. Aránṣọ tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa ló gbọ́ igbe wa, ló wá fà wá sókè.

Mo lọ rí dókítà, ọkùnrin kan tó máa ń wúkọ́ kó tó sọ̀rọ̀ bíi pé àpéjọ ńlá ló wà níwájú rẹ̀. Ó fi téèpù wọn ikùn mi. Mo bi í bóyá ṣòkòtò ló fẹ́ rán. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n dìde lórí àga láìfọwọ́ ti nǹkan kan. N kò lè dìde. Mo ṣàlàyé fún un pé mo máa ń gorí òṣùwọ̀n déédéé, pé bí mo ṣe wúwo nígbà tí mo fẹ̀yìn tì náà ni mo ṣì wúwo. Ó ní ohun tó tàn mí jẹ gan-an nìyẹn: ẹran apá àti itan ń lọ, ọ̀rá ikùn ń bọ̀, òṣùwọ̀n ò mọ̀yàtọ̀. Ìwọ tí o fi ìṣirò jẹun, wò ó: àpapọ̀ pé, ohun tí a rò pọ̀ ló yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ àwọn èèyàn ń kí mi pé ìfẹ̀yìntì yẹ mí! Wọn ò jẹ́ kí n gbé báàgì ara mi. Ọ̀wọ̀ ń pọ̀, apá ń tán.

Ọmọ wa gbọ́, kò tiẹ̀ bá mi jiyàn. Ọkọ rẹ̀ wọlé, ó gbé ìyàwó mi bí ẹni gbé ìrọ̀rí. Èmi di ilẹ̀kùn mú fún wọn. Mo retí kí inú mi bàjẹ́, kò bàjẹ́. Ó kàn dà bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé títí tó fi kú.

Ọmọ ní, "Màámi, ìgbà wo lẹ máa padà?"

Ó ní, "Ọjọ́ tí bàbá rẹ bá lè gbé mi."

Dókítà ní kí n máa dìde, kí n máa jókòó, kí n máa gbé kẹ́ẹ̀gì omi. Kí n dín oúnjẹ kù, ṣùgbọ́n kí n má dín ẹ̀wà àti ẹyin. Ó ní ó lè pẹ́. Mò ń ṣe é.

Bá mi kí ilé. Bí wọ́n bá bi ọ́ bóyá apá mi ti ń padà bọ̀, sọ pé n kò tíì mọ̀. Mo ṣáà ń dìde.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ látijọ́,
Tíṣà.