Oríkì Ogun Tí Mo Ń Kì Fún Sàídì

Ilé Ajíbọ́lá,
Bẹyẹrúnkà,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà, 1911.

Kúbúrá, àbúrò mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà n'Ísẹ́yìn? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé òfì rẹ̀ ń lọ geere? Orúnkún tó ń dùn ọ́ ńkọ́? Ní tèmi, eyín ku mẹ́ta, mo ṣì ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Mojọlá, ọmọ Adégòkè, ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Ó ní ẹnu mi yá jù.

Kúbúrá, ẹ̀jẹ̀ ti ta sílẹ̀ o. Sàídì ọmọ-ọmọ mi fi kùmọ̀ la ọmọ àdúgbò Bẹẹrẹ kan lórí l'Ọjà'ba. Wọ́n ní ẹnì kan ló tẹ ẹnì kan lẹ́sẹ̀. Ni òkúta bá ń fò, alátẹ ń sá, abẹ ń jáde lápò. Ọmọ yẹn ṣubú, Sàídì ò dúró, ó tún la kùmọ̀ mọ́ ọn lójú. Ojú ọ̀tún ọmọ náà ti fọ́.

Sàídì wálé tòun tẹ̀jẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja: "Ìyá àgbà, ẹ kì mí!"

Ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu. Èmi ni mo kọ́ ọ. Láti kékeré, tó bá ti na ọmọ ẹlòmíì, màá kì í ní oríkì ogun baba wa, "Ọmọ a-bẹ́rí-má-wẹ̀yìn," màá tún gé ẹran fún un. Ṣùgbọ́n tó bá toko dé, mi ò jẹ́ yìn ín. Ogun tán tipẹ́, èmi ṣì ń dá a sílẹ̀ nínú yàrá mi. Wọ́n ní ẹgbẹ́ búburú ló bà á jẹ́. Ẹgbẹ́ wo ló burú tó èmi? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kùmọ̀ ni tiwa kó lọ.

Mo lọ bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀bùnọlá, ìyá ọmọ náà, la ìgbálẹ̀ mọ́ mi lórí: "Arúgbó ẹlẹ́rìn-ín, ẹ rín in báyìí!" Mi ò dìde lórí ìkúnlẹ̀ títí apá fi ro ó. Ó jàre mi.

Sàídì ń bá àwọn alájàpá bọ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́jọ́ Jímọ̀. Ẹ fi í sídìí òfì. Kí ẹnikẹ́ni má kì í ní oríkì ìjà. Ọjọ́ tó bá hun aṣọ tó gún, ìgbà yẹn ni kí o kì í, kí o gé ẹran ńlá fún un.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí Ọlátúndé ọmọ rẹ. Àwọn ẹ̀gbọ́n ọmọ Bẹẹrẹ yẹn ti ń pọ́n àdá. Má dá Sàídì padà o. Òkú rẹ̀ ni n ó gbà.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ aláròyé,
Èjìdé