Ọwọ́ Ta La Ó Fi Wọn Agbọ̀n?

Ẹ̀yin tí ẹ bá ọmọ ọmọ mi jókòó nínú yàrá yẹn, ẹ dákẹ́, ẹ gbọ́rọ̀. Ẹni tó bá ń jẹun, kó rọra jẹ ẹ́. Èmi ò mọ̀wé, ẹnu ni mo fi ń kọ lẹ́tà, mi ò sì fẹ́ kẹ́nì kan já lu ọ̀rọ̀ mi.

Ọkọ mi, ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ẹrù èbúté ò wọ̀ ọ́ lọ́rùn jù? Ara tèmi le, àfi orúnkún tó máa ń ráhùn bí mo bá fẹ́ dìde. Ìyá rẹ ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá wí ni kó kọ, ìbáà ṣe òun ni mò ń bú.

O rántí agbọ̀n pankẹ́rẹ́ tí mo hun lọ́dún tí wọ́n bí ọ, tí o kó aṣọ sí lọ. Òun ni oníbàárà tó ń kó ọjà lọ sókè òkun rí lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ, tó ní ká hun igba irú rẹ̀. Ọjọ́ tí ìròyìn yẹn dé, obìnrin mọ́kànlá ló péjọ sábẹ́ àtíbàbà wa. Òpó, obìnrin gígùn yẹn, ti di ẹrù láti lọ ṣọmọ ọ̀dọ̀ nílùú ńlá. Ó tú u.

Ìyá rẹ ní ká gé igi kan ṣe ìwọ̀n fún gbogbo wa. Mo ní kó lọ fi igi dáná. Ọwọ́ ni mo fi ń wọn ìdí agbọ̀n láti kékeré: mo ya ìka, láti àtàǹpàkò dé ọmọńdinrín, lẹ́ẹ̀mejì, ó parí. Mo ní kí kálukú ya ìka tirẹ̀. O sì mọ ọwọ́ Òpó. Bó bá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wàá máa wá tìrẹ.

Igba agbọ̀n tí a kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ pa dà wá bá wa. Ọ̀pọ̀ agbọ̀n ò wọ páálí tí wọ́n gé sílẹ̀ dè wọ́n, àwọn mìíràn ń yí gbiri nínú rẹ̀ bí ẹyọ ẹ̀wà kan nínú agolo. Oníbàárà gbé agbọ̀n rẹ àtijọ́ lé wọn lórí. Ó ránṣẹ́ pé irú èyí gan-an lòun fẹ́, akẹ́rù òun ń bọ̀ lọ́jọ́ tí oṣù bá parí. Bí wọn ò bá tún dọ́gba, òun á lọ ra oníke nílé iṣẹ́ ẹ̀rọ. Òpó wá ń wo àpò ẹrù rẹ̀ tó fi kọ́ ara ògiri.

Mo ní agbọ̀n mi nìyẹn, ọwọ́ mi ló hun ún, àwọn yòókù ló bà á jẹ́. Mo gbé e lé ẹsẹ̀, mo ya ìka lójú gbogbo wọn. Kò dé. Mo tún un ṣe. Ó ku ìbú ìka kan gbáko. Àṣé àwọn tó ń yí gbiri yẹn, tèmi ni. Mo wo ọmọńdinrín mi tó ti tẹ̀ kọrọdọ. Ìgbà wo lọwọ́ yìí súnkì tí mi ò mọ̀? Ẹnì kankan ò rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló dùn mí jù, torí ká ní èmi ni, mà á ti rẹ́rìn-ín.

Mo na agbọ̀n sí ìyá rẹ. Ó ya ìka tirẹ̀, ó bá a mu gẹ́ẹ́, bí ẹni pé òun ló hun ún. Mo ní, "Ìyàwó, lọ mú igi rẹ wá. Ọwọ́ rẹ la ó fi gé e." Ó ti gbé bírò sílẹ̀ báyìí, ó ń nu ojú. Kọ ọ́, ìyàwó.

Òní loṣù parí. Agbọ̀n tuntun kún ẹnu ọ̀nà, mi ò fojú ba oorun lánàá. Ohun tí mo fẹ́ kí o bá mi sọ fún oníbàárà yẹn ni pé... Fèrè ọkọ̀ nìyẹn. Akẹ́rù ti dé, ó ti ń fa páálí sílẹ̀. Kí Ọlọ́run di ẹsẹ̀ rẹ mú lórí pákó ọkọ̀ ojú omi, kí ẹrù tí ò ń gbé má gbé ọ ṣubú, kí o pa dà bá wa láyọ̀.

Èmi ni,
Ìyá bàbá rẹ, ọlọ́wọ́ kékeré.

Àfikún: Gbogbo wọn wọ páálí. Èyí tó kẹ́yìn, èmi ni mo fọwọ́ tì í wọlé. Akẹ́rù ní oníbàárà ti sọ pé bí wọ́n bá ti wọ̀ ọ́, ká hun igba mìíràn, Òpó sì ti ń fi àpò ẹrù rẹ̀ kó pankẹ́rẹ́. Agbọ̀n rẹ ń bọ̀ lọ́wọ́ akẹ́rù. Bó bá dé, ya ìka tìrẹ sídìí rẹ̀, kí o kọ ohun tí o bá rí ránṣẹ́ sí mi.