Owó Ìdúró Ọkọ̀ Kọnkéré

Dougouba, Bouaké

Roqeeb, Àyìnlá, ọkọ mi,

Ṣé dáadáa ni o jí? Ṣé ara Samira ìyàwó rẹ le? Malick ọmọọmọ mi ńkọ́, ṣé eyín rẹ̀ tó yọ ti hù padà? Èmi náà wà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, orúnkún nìkan ló ń bá mi ṣọ̀tá nígbà òtútù. Ọba tó gbé ọ dé Abidjan kò ní jẹ́ kí Abidjan gbé ọ mì, àmín. Mo fi lẹ́tà yìí rán dẹ́rẹ́bà bọ́ọ̀sì nítorí pé ìgbàkígbà tí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, o máa ń ní o wà nínú ìpàdé ibi iṣẹ́, pé wàá pe Màmá padà. Lẹ́tà ní sùúrù ní tirẹ̀, ó lè jókòó sórí tábìlì rẹ títí ìpàdé náà á fi tú.

Ìròyìn ilé kò pọ̀. Àṣíáwù tó wà lódìkejì wa, tí a jọ ń tajà nígbà tí o wà ní kékeré, ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò tún sí ẹni tí mo lè kí láti ojú fèrèsé mọ́. Ìròyìn tó ṣe pàtàkì ni ti ilẹ̀ iwájú ilé. O rántí Iléyá èṣí, tí ọkọ̀ rẹ fi ikùn ha ilẹ̀ lẹ́nu géètì, tí o ní o ò lè sùn, pé bí òjò bá rọ̀ ọkọ̀ á rì sínú ẹrẹ̀. O padà lọ́jọ́ náà láì dúró kí ẹran jinná. Ẹran jinná o, èmi nìkan ló kù nídìí ìkòkò. Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé n ó tún ilẹ̀ yìí ṣe, kí ọkọ̀ rẹ lè sùn, kí ìwọ náà lè sùn. Nígbà tí owó tí o fi ránṣẹ́ dé, mo pe Sùlàímọ́nù bíríkìlà. Ó ní bí òun bá fi ọwọ́ pò ó, ó tó iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin, ṣùgbọ́n kọnkéré kan wà tí wọ́n ti pò tán, fóònù ni wọ́n fi ń pè é. Mo ní èyí tó yá ni mo fẹ́, kí ìwọ náà lè tètè wá.

Mo pe nọ́ńbà àwọn oníkọnkéré náà. Orin ni wọ́n kọ́kọ́ fi kí mi. Mo rò pé wọ́n ń sọmọ lórúkọ ni, mo sì bá wọn ṣàdúrà pé ọmọ tuntun á dàgbà. Orin náà kò tán títí owó fi tán lórí fóònù mi. Nígbà tí mo tún pè, ọkùnrin kan gbé e, a sọ èdè Jùlá. Ó ní mítà ni àwọn fi ń ta kọnkéré. Inú mi dùn, torí ẹni tó ti ta aṣọ pẹ́ bíi tèmi, ta ni yóò fi mítà rẹ́ ẹ jẹ? Ó bi mí ní gígùn, mo sọ. Ó bi mí ní fífẹ̀, mo sọ. Ó wá ní báwo ló ṣe máa nípọn tó. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ta àǹkárá, oníbàárà kankan kò bèèrè irú rẹ̀ lọ́wọ́ mi rí. Sùlàímọ́nù ló gba fóònù, ó ní mítà tiwọn ní gígùn, ó ní fífẹ̀, ó tún ga, bí àpótí, àpótí mẹ́ta ló máa tó wa. Ẹgbẹ̀rún márùndínlọ́gọ́rùn-ún fáráǹkì ni àpótí kan! Mo ná an, mo ní kó gba àádọ́ta. Ó ní a kì í ná tiwọn. Mo ṣe bí ẹni ń lọ, bí a ti í ṣe lọ́jà, mo pa fóònù kó lè pè mí padà. Kò pè. Èmi náà ni mo tún pè é, orin tún bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó gbé e, ó ní ọkọ̀ àwọn kì í jáde fún àpótí mẹ́ta. Ẹni tó bá ra mẹ́ta, owó àpótí márùn-ún ló máa san, nítorí àyè tó ṣófo nínú ọkọ̀. Mo bi í pé ṣé wọ́n á já àyè tó ṣófo náà sílẹ̀ fún mi. Ó ní rárá, wọ́n á gbé e padà lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kò tán nínú mi, ọmọ mi. Mo wo yàrá rẹ, mo wo yàrá Qoreebah àbúrò rẹ tó wà nílé ọkọ, mo wo ibùsùn bàbá yín, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Bí wọ́n bá ń gba owó àyè tó ṣófo, gbèsè tèmi kò ní ṣeé san. Mo san tiwọn.

Nígbà tí bàbá rẹ ń da ilẹ̀ ilé yìí, gbogbo ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní Bouaké ló wá. Ọkùnrin ń pò, obìnrin ń pọnmi, ìkòkò ìrẹsì méjì la sè, kò kù. Lọ́tẹ̀ yìí náà, ìkòkò méjì ni mo sè. Ọkọ̀ náà dé, ikùn rẹ̀ ń yí bí òkòtó, ènìyàn méjì ló sọ̀ kalẹ̀. Méjì péré! Mo wo ẹ̀yìn ọkọ̀ bóyá àwọn yòókù ń bọ̀. Mo gbé omi fún wọn, mo bèèrè ilé, mo bèèrè ọmọ, mo bẹ dẹ́rẹ́bà pé kó jẹ́ kí ikùn ọkọ̀ náà sinmi díẹ̀, ó ní bó bá sinmi, kọnkéré á dì sínú rẹ̀. Sùlàímọ́nù ń pariwo pé kí n jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́. Kí n tó fọ ife tí wọ́n fi mumi, wọ́n ti dà á tán.

Wọ́n fẹ́ máa lọ, mo ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lọ láì jẹun. Dẹ́rẹ́bà náà, ọmọ ẹ̀yà Báúlé, ọmọlúàbí ni, ó jókòó. Ó ní òun náà ní ìyá lábúlé, pé ó ti pẹ́ tí òun ti lọ wò ó kẹ́yìn. Mo tún bu ìrẹsì fún un. Ó ń pè mí ní Màmá Ànàgó. Mo fi fọ́tò Malick hàn án. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ìró ṣíbí ẹlòmíràn nínú ilé yìí. A wà níbẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun Àílà.

Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n fi ìwé owó ránṣẹ́, owó ìdúró wà nínú rẹ̀. Sùlàímọ́nù ní bí ọkọ̀ wọn bá ti dúró ju ààbọ̀ wákàtí lọ́dọ̀ ènìyàn, owó ni wọ́n ń kà. Ogójì ẹgbẹ̀rún fáráǹkì! Mo bínú. Orin tí wọ́n fi dá mi dúró lórí fóònù, ta ló san tèmi? Nígbà tó yá, mo ní kò burú, ẹni tó bá mi jókòó ti bá mi jókòó. Nínú owó àgbò Iléyá tí o fi ránṣẹ́ ni mo ti yọ ọ́, má bínú.

Owó àgbò kò pé mọ́, wàá fi díẹ̀ kún un. Má fi ránṣẹ́ sórí fóònù, mú un bọ̀ lọ́wọ́. Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Èmi ò bèèrè ọmú, ojú yín ni mo fẹ́ rí. A kì í pa odidi àgbò fún ẹnì kan ṣoṣo. Bí àwọn ọ̀gá rẹ náà bá ń gba owó ìdúró bíi ti àwọn oníkọnkéré, bá mi bèèrè iye tí ọjọ́ méjì rẹ jẹ́, kí o kọ ọ́ sí mi. Àǹkárá díẹ̀ ṣì kù nínú àpótí mi, màá tà á, màá san án.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ ní ọ̀nà, iṣẹ́ rẹ kò ní bàjẹ́ lẹ́yìn rẹ, Malick á dàgbà lójú gbogbo wa, àmín.

Kọnkéré náà ti gbẹ. Àràárọ̀ ni mo ń gbá a. Ẹsẹ̀ tèmi nìkan ló ń tẹ̀ ẹ́.

Èmi ni Sèfíyátù, ìyá rẹ, tó ń dúró láìgba owó.