Ìdánwò Tí Mo Jí Wò Lọ́wọ́ Fàlílátù

Lateefat ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lẹ jí níbẹ̀? Ṣé ọkọ ẹ ti ń tètè dé láti ibi iṣẹ́, àbí ìgbà táwọn ọmọ bá sùn tán ló ṣì ń wọlé? Ọlọ́run Ọba á máa ṣọ́ ìjókòó yín nínú mọ́tò, á sì máa ṣọ́ ẹni tó di sítíárì mú níwájú yín, àmín. Àwa náà wà ní Ẹ̀pẹ́ níbí. Bàbá ẹ ní kí n sọ fún ẹ pé orúnkún òun ti san. Irọ́ ni, àná ló ní kí n bá òun gbé ẹsẹ̀ sórí àpótí. Ewúrẹ́ wa bí méjì, ọ̀kan ò fẹ́ mu ọmú, a ń fi ike fún un.

Má jẹ́ kí àyà ẹ já pé mo kọ lẹ́tà dípò kí n pè. Tí mo bá sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù, bàbá ẹ á máa dá sí i, owó inú fóònù á tán ká tó dé ibi tó le. Ìwé tí wọ́n kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ àgbà ní mọ́sálásí náà ni mo fi ń kọ ọ́, tó bá wọ́, bá mi tò ó.

Ọ̀rọ̀ Fàlílátù ni, Ìyá Toyyibah, tí ilẹ̀kùn ẹ̀ dojú kọ tiwa, tá a jọ ń yan ẹja lábẹ́ àtíbàbà kan ṣoṣo láti ọjọ́ tá a ti wà lọ́mọge. O mọ̀ pé oṣù kẹsàn-án rèé tí Toyyibah kú lórí ìkúnlẹ̀, tòun tọmọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin wọ́n, n ò rí i kí Fàlílátù sunkún rí. Ṣe ló di ẹni tó ń pa gbogbo ọjà ẹja lẹ́rìn-ín. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, oníbàárà á gbàgbé pé òun fẹ́ ná ẹja. Gbogbo wa ń sọ pé obìnrin yìí gbà fún Ọlọ́run o. Oníkálukú ló kúkú ní bó ṣe ń ṣe tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá bàbá ẹ dúró níṣẹ́, igi ló ń là, ó la igi títí a fi dáná ọdún méjì. Ọláwuyì tí ọkọ̀ ojú omi ẹ̀ dànù, ó ń bá ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ náà sọ̀rọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Èmi, tí nǹkan bá dùn mí, ilẹ̀ ni mò ń gbá, mo lè gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà lójúmọ́. Mo rò pé ẹ̀rín ni ti Fàlílátù.

Ó tún máa ń fi orí kékeré yẹ́lò kan ránṣẹ́ sí mi lórí Wásáàpù, èyí tí omi ń dà lójú ẹ̀ méjèèjì. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo sáré gbé omi tútù sọdá lọ bá a. Ìwọ lo sọ fún mi pé ẹ̀rín ni ìyẹn ń rín, pé ẹ̀rín ló pọ̀ tó fi domi. Ìwọ lo kàwé, mo gbà ẹ́ gbọ́. N ò gbé omi lọ mọ́.

Ní ọjọ́ Àtàláátà tó kọjá, ilé ìwòsàn àdúgbò wa fi gbohùngbohùn kéde pé àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ wà fún àwọn ìyá tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Èmi àti Fàlílátù jọ lọ. Wọ́n so nǹkan mọ́ mi lápá, ó fún mi bíi pé mo jẹ ẹ́ ní gbèsè, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi dáa. Ni wọ́n bá pín ìwé àti báírò fún wa. Òyìnbó ló wà nínú ẹ̀, ìlà mẹ́sàn-án, ìlà kọ̀ọ̀kan ní àpótí kéékèèké mẹ́rin, wọ́n kọ òdo, ení, èjì, ẹ̀ta sí wọn lórí. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Ìyìnolúwa, ọmọ kékeré tó ń sáré káàkiri, ní kí ẹni tí ò bá lè kà á nawọ́ sókè kóun wá kà á fún un lédè wa. Ta ló fẹ́ nawọ́? Ìyàwó Lèmọ́mù ló jókòó síwájú mi, obìnrin tó ti ń wá ohun tó máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn.

Mo wo yàrá náà yíká. Gbogbo èèyàn tẹrí ba, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀, nọ́ọ̀sì ń rìn láàárín bẹ́ǹṣì. Mo ní ìdánwò rèé. Mo sì rántí pé lọ́dún tó kọjá, àwọn tó kọ irú ìwé báyìí ní gbọ̀ngán ìlú ni wọ́n fún ní ẹ̀rọ ìlọta. Fàlílátù jáde ilé ìwé mọ́dà, ó gbọ́ òyìnbó. Mo bá yí ọrùn díẹ̀, mo ń wò ó.

Àpótí ẹ̀yìn pátápátá ló ń fi àmì sí, ẹ̀ta, ẹ̀ta, ẹ̀ta. Mo ń fi sí i bẹ́ẹ̀. Nígbà tó dé ìlà tó kẹ́yìn, ó gbé báírò dúró, ó wo ìlà yẹn pẹ́, mo ní bóyá òun náà ò mọ ọ́n. Lẹ́yìn náà ló fi sí ẹ̀ta. Èmi náà fi sí ẹ̀ta. Ìlà kẹta nìkan ni mo mọ̀ọ́mọ̀ sọ di èjì, kí tíṣà má baà mọ̀ pé mo jí i wò. Fàlílátù wá ká ìwé tiẹ̀ kékeré, ó tì í bọ àyà, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní ẹja wà lórí iná, òun ń lọ. Mo ní obìnrin yìí ti sọ ẹ̀rọ ìlọta nù. Mo dá tèmi padà fún wọn.

Ìyìnolúwa ro máàkì mi, ó wò mí, ó tún un rò. Ó wá rọra sọ pé kí n tẹ̀lé òun wọ yàrá kan. Mo bi í lójú ọ̀nà pé èló ni mo gbà, ó ní mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Mo ní nínú èló, ó ní mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Lateefat, láyé mi, n ò gba ipò kìíní rí. Wọ́n ti ro ti ìyàwó Lèmọ́mù lójú mi, ẹ̀ta péré ló gbà, àánú ẹ̀ ṣe mí. Wọ́n gbé mọ́ọ̀tì àti bisikíìtì fún mi, wọ́n ní kí ọmọbìnrin kan jókòó tì mí lẹ́nu ọ̀nà. Mo tún gèlè mi wé, mò ń retí ẹni tó máa ya fọ́tò.

Ni Ìyìnolúwa bá jókòó, ó di ọwọ́ mi mú, ó bi mí pé láti ìgbà wo layé ti sú mi. Mo ní ayé ta? Ó wá ń ka ìwé náà fún mi lédè wa, ìlà kan lẹ́yìn ìkejì. Pé lójoojúmọ́ kò sí ohun tó ń dùn mọ́ mi. Pé mo gbà pé mo ti já àwọn èèyàn mi kulẹ̀. Nígbà tó dé ìkẹsàn-án, ohùn ẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó ní mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí ọjọ́ tí n kì í rò ó pé kí n kúkú ti kú.

Mo gbé bisikíìtì wọn sílẹ̀. Mo ní kì í ṣe èmi. Ó ní ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Bí mo ṣe ń sẹ́ ẹ tó ló ń mi orí fún mi tó. Ó ní òun ò lè jẹ́ kí n dá lọ sílé, kí n fún òun ní nọ́ńbà bàbá ẹ. Ó bi mí bóyá nǹkan tó lè ṣe mí léṣe wà nítòsí mi, mo ní iná àti ọ̀bẹ ni iṣẹ́ mi, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ìgbà tí mo rí i pé ọ̀rọ̀ ti fẹ́ di ńlá, mo pariwo pé mo jí i wò ni! Pé iṣẹ́ Fàlílátù ni mo kọ, n ò gbọ́ òyìnbó kankan.

Báírò dúró lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní Fàlílátù yẹn dà. Mo ní ó ti lọ sílé, ó ní ẹja wà lórí iná. Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo tó gbọ́ ohun tí mo sọ. A ò ra ẹja lọ́jọ́ náà. Èmi fúnra mi ni mo bu omi pa iná abẹ́ àtíbàbà láàárọ̀.

A pè é, fóònù ń dún, kò gbé e. Èmi àti Ìyìnolúwa gun ọ̀kadà kan ṣoṣo, bàtà mi kan já bọ́ lọ́nà, n ò wẹ̀yìn. Ọmọ náà ń sọ ọ́ sí mi létí pé tá a bá débẹ̀ kí n má sọ fún un pé kó ṣọkàn gírí, kí n má sọ pé ti ẹlòmíràn burú ju tiẹ̀ lọ, kí n bi í ní tààrà bóyá ó ń rò ó láti kú, pé bíbi í kọ́ ló máa fi í sí i lọ́kàn. Lateefat, gbogbo ohun tó ní kí n má sọ yẹn ni mo ti ń sọ fún un láti oṣù mẹ́sàn-án.

A bá ilẹ̀kùn ní títì látinú. A kàn án, kò sí ohùn. Ìyìnolúwa rọra pè é ní Mọ́mì, kò sí ohùn. Gbogbo ẹ̀kọ́ orí ọ̀kadà fò lọ lórí mi. Èébú ni mo kó bò ó. Mo ní Fàlílátù, wọ́n ti mú mi o, torí ìwé ẹ tí mo jí wò! Mo ní wọ́n ti kọ orúkọ mi sílẹ̀ pé mo fẹ́ kú, wọ́n ń pe Sànní ọkọ mi, kó jáde wá sọ fún wọn pé òun ló ni ín. Mo ní ó di ẹrù lé mi lórí, kò sọ ohun tó wà nínú ẹ̀ fún mi. Ìyìnolúwa ń fà mí láṣọ, mo ní kó fi mí sílẹ̀. Mo ní bí Fàlílátù ò bá jáde, màá gbà pé tèmi ni, màá tẹ̀lé wọn lọ, kó máa wò mí.

Ilẹ̀kùn ò mì. Mo fi etí lé e, mo tún fi ọwọ́ lù ú.

Ìgbà tó yá, ó fa irin ilẹ̀kùn. Ojú ẹ̀ dà bí ojú ẹni tí wọ́n jí láti ọ̀nà jíjìn. Ohùn ẹ̀ kéré, ó ní èló ni wọ́n fún mi. Mo ní mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó ní irọ́ ni, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni tòun. Mo ní mo yí ọ̀kan padà torí tíṣà. Ni ẹ̀rín bá gbé e, ó rín in títí ó fi tẹ̀, ó jókòó sójú ilẹ̀kùn, ó sì ti di ẹkún. Ó pe Toyyibah bí ẹni pé ọmọ náà wà lójúde. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì í, n ò ní kó dákẹ́. Ìyàwó Lèmọ́mù tó gbọ́ ariwo wa ń bọ̀ wá sọ pé kó gba kádàrá, mo wò ó, ó bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ìyìnolúwa ló bi í ní tààrà, ó sì dá a lóhùn. Ohun tó sọ kì í ṣe ti lẹ́tà. Yàrá tìẹ nílé wa níbí ló ń sùn báyìí. Bàbá ẹ gbé àga síwájú yàrá náà, ó ní atẹ́gùn ibẹ̀ ló dáa. Atẹ́gùn kankan ò sí níbẹ̀. Èmi náà tún ìdánwò mi ṣe, wọ́n kà á fún mi lédè wa, mo rò pé òdo ni màá gbà. Mẹ́jọ ni. Ìyìnolúwa ní kò kéré. Kì í ṣe kí o lè sunkún ni mo ṣe sọ ọ́, máàkì mi ni mò ń sọ fún ẹ.

Ohun tí mo ń fẹ́ rèé. Dókítà tó ń tọ́jú irú èyí wà ní ọsibítù kan ní Ìkòròdú níbẹ̀, ọjọ́ Àlàrùba ló ń gba èèyàn. Àtàláátà tó ń bọ̀, èmi àti Fàlílátù máa wọ mọ́tò gba Ìtòìkín, ọ̀dọ̀ ẹ ní Agric la máa sùn. Fi owó ọkọ̀ èèyàn méjì ránṣẹ́, àlọ àtàbọ̀, kó o fi ti bàtà lé e, kí n má baà fi ẹsẹ̀ kan wọ ọsibítù. Má fi sí báńkì mi. Báńkì yẹn máa ń ṣí owó wò lójú ọ̀nà, ó sì ń bu díẹ̀ níbẹ̀, ó wá ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi láti yangàn. Fi ránṣẹ́ sí Abọ́dúnrìn tó ní POS. Òun náà ń bù ú, ṣùgbọ́n mo mọ ilé ẹ̀.

Tó bá dé, má ṣe é bí àlejò. Gbé àlùbọ́sà fún un kó bá ẹ gé. Ó máa kọ́kọ́ pa yín lẹ́rìn-ín, ẹ bá a rín in. Lẹ́yìn náà, pe orúkọ Toyyibah fún un, sọ ohun tí ẹ̀yin méjèèjì jọ ṣe ní ilé kéú, èyí tẹ́ ẹ fi jẹ ẹgba pàápàá. Gbogbo wa ti ń sá fún orúkọ ọmọ náà bíi pé òun ló ṣẹ̀ wá. Tó bá sunkún, jókòó tì í, má ṣí tẹlifíṣọ̀n.

Ọlọ́run á dá ẹ sí fún àwọn ọmọ ẹ, á dá wọn sí fún ẹ. Ohun tó máa mú ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ra ẹ kò ní ṣẹlẹ̀ sí ẹ. Tó bá sì ṣẹlẹ̀, Ọlọ́run á rán aláriwo kan sí ẹ tí ò ní kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Àmín.

Èmi ni ìyá ẹ,
Ṣẹ̀rífátù.