Iṣu Tí Kò Tíì Gbó

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Keje 2025
Wọ́n yàn mí! Àríyànjiyàn ọ̀dọ́ ìjọ, ọjọ́ Àìkú. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá òkè òkun ń bára wọn sáré, ta ni yóò kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ tó gbọ́n ju gbogbo ènìyàn lọ. Èmi ni màá ní kí wọ́n máa sáré. Gírámà — Fisáyọ̀ ọmọ aládùúgbò oko wa nìyẹn — á ní kí wọ́n dúró. Ó ní ta ló fẹ́ gbọ́rọ̀ ẹni tí kò parí SS2. Inú bí mi. Mo ní kó lọ sọ fún bàbá rẹ̀ pé ilé wa ló máa kọ́kọ́ gbé iṣu tuntun dé ọjà Kábà. Irọ́ ni. Àwọn àgbà ò tíì dá ọjọ́ tí a ó wa iṣu tuntun.

Anti Rhoda, àbúrò Bàbá, tíṣà, ní bí mo bá sọ̀rọ̀ dáadáa, òun á bá Bàbá sọ ọ́ kí n padà sí sùkúù.

Ọjọ́rú, 9
Mo ti há a sórí: bí a ò bá ṣe é, àwọn yẹn á ṣe é. Ó dùn lẹ́nu!

Ọjọ́bọ̀, 10
Bàbá gbọ́ pé James, bàbá Gírámà, ti ń wa iṣu. Kíá, ó gbé ọkọ́. Mo ní kò tíì gbó. Ó ní, "Mo mọ̀. Bí mi ò bá wà á, James á gba ọjà." Ọ̀rọ̀ mi gan-an! Ìdajì oko la wà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12
Ọjà. Iṣu wa, iṣu ilé Gírámà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Omi lásán. Ìyá kan tẹ̀ ẹ́ wò, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ ra ti èṣí. Gírámà ní nítorí ohun tí mo sọ ni bàbá òun ṣe wà á.

Ọjọ́ Àìkú, 13
Mo dìde. Ohun tí mo há sórí fò lọ. Mo sọ ti iṣu, mo jẹ́wọ́ irọ́ mi, níwájú Bàbá, níwájú ìjọ. Mo ní Bàbá ń wo oko Bàbá Fisáyọ̀, Bàbá Fisáyọ̀ ń wo ti Bàbá, kò sẹ́ni tó ń wo iṣu. "Ẹ̀rọ yẹn ńkọ́? Ta ló ń wò ó bóyá ó ti gbó?"

Gírámà ló gba ẹ̀bùn. Èmi náà ti bá a sọ tirẹ̀!

A délé. Bàbá kọjá sílé Gírámà. Mo gbọ́ ẹ̀rín. "James, o ń bẹ̀rù mi ni?" Wọ́n fẹnu kò: ìdajì tó kù, ó di ọjọ́ tí àwọn àgbà bá dá. Lọ́jọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, kálukú á wọ oko ẹnì kejì lọ wò ó bóyá iṣu ṣì wà nílẹ̀.

Anti Rhoda wọlé wá bá mi. Ó mú téèpù, ó ń wọn èjìká mi. Yúnífọ́ọ̀mù sùkúù ni!