Ìhágún Ẹni Tí Kò Gbọdọ̀ Sọdá Odò Okpara

Èmi, Barthélemy Òkédélé, gbẹ́nàgbẹ́nà, ọmọ bíbí Savè ní ilẹ̀ Benin, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, tí ilé mi wà ní àdúgbò Plateau, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí. Orí mi pé. Ẹsẹ̀ mi òsì wú, ọkàn mi sì máa ń sáré nígbà mìíràn bí ẹni tí ajá ń lé, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó kan ọpọlọ nínú méjèèjì. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Àwọn tó lè fipá mú mi, ohun tí wọn kò fẹ́ kí n kọ rárá ni mo ń kọ yìí.

Àwọn tí mo fi ṣe alámùúṣẹ ìhágún yìí ni Àbíbù, aránṣọ, àti Tìmóthì, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹ̀yin méjèèjì mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀, torí pé ẹ wà níbẹ̀, ẹ sì rẹ́rìn-ín. Ẹ má ṣe sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ kò rẹ́rìn-ín.

Èkíní. Ilé mi, yàrá méjì àti ọ̀dẹ̀dẹ̀, pẹ̀lú igi ọsàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, mo fún Clémentine, ọmọ mi kan ṣoṣo, tí Albertine olóògbé bí fún mi. Ó lè gbé inú rẹ̀, ó lè tì í pa, ó lè tà á. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ilé náà di ibi àdúrà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ní kí Clémentine jókòó sínú rẹ̀ bí kò bá wù ú láti jókòó. Ẹ ka gbólóhùn yìí lẹ́ẹ̀kejì kí ẹ tó lọ sí èkejì, nítorí òun ni mo ṣe kọ gbogbo ìyókù.

Ó yẹ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún ẹni tí kò sí ní Savè nígbà náà. Ní ọdún 1974, àwa mẹ́rin máa ń jókòó lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ibùdókọ̀ ojú irin lẹ́yìn iṣẹ́: èmi, Àbíbù, Tìmóthì, àti Wàsílátù tó ń ta aṣọ, ọmọ àwọn oníṣòwò tó wá láti Nàìjíríà. Ayò ti sú wa. Mo wá ro ìlú kan tí kò sí níbì kankan láyé, mo pè é ní Ẹ̀yìn-Àpáta. Oníkálukú di ẹlòmíràn nínú ìlú náà, á máa sọ ohun tí ẹni náà ń ṣe, a ó sì da èèpo ẹ̀pà mẹ́rin sílẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó bọ́ sí i tàbí kò bọ́ sí i. Èmi ni mo ń sọ ohun tí ìlú fi dá a lóhùn. Ó dùn fún ìgbà díẹ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́, nítorí pé gbogbo ará ìlú náà ló gbọ́ra wọn yé jù. Ni mo bá dá ìjọ mẹ́rin sílẹ̀ fún wọn, kí wọ́n lè máa bára wọn jà.

Mi ò tọrọ àforíjì lórí iṣẹ́ yẹn o. Iṣẹ́ dáadáa ni. Mo ṣe é bí mo ṣe ń ṣe àga: mo kọ́kọ́ wo ibi tí èèyàn máa fara tì. Mo fún ìjọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní Ọlọ́run kan náà, mo wá jẹ́ kí wọ́n máa jà lórí ohun tó ń ṣe lọ́wọ́. Ìjọ Onídàákẹ́ ní ó ń sùn, ẹni tó bá jí i ti ba ayé jẹ́ nìyẹn. Wọn kì í gún iyán láàárọ̀. Ìjọ Aláriwo ní etí rẹ̀ ló di; wọn kì í jẹ ohun tí kò bá dún lẹ́nu. Ìjọ Àyípadà ní ó ti rẹ̀ ẹ́, ó ń gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn lọ́dọọdún; bí iṣu tuntun bá jáde wọ́n á yan ọlọ́run mìíràn, wọn kì í sì í dárúkọ ti èṣí mọ́. Ìjọ Adúróde ní ó ti sọdá odò lọ, ó ní òun ń bọ̀, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ wà nílé nígbà tó bá dé. Olórí wọn kì í sọdá odò títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Mo rí i dájú pé ẹnikẹ́ni kò gba ìjọ tó bá a mu. Tìmóthì, tí a máa ń gbọ́ ìwàásù rẹ̀ láti ọjà, ni mo fún ní Onídàákẹ́. Àbíbù, tí ìyàwó rẹ̀ pàápàá kì í gbọ́ ohùn rẹ̀, di Aláriwo. Wàsílátù, tí kò yí ọkàn padà lórí ohunkóhun rí, gba Àyípadà. Adúróde ló kù nílẹ̀, kò wu ẹnikẹ́ni, ni mo bá mú un. Mo gbẹ́ àpótí ìjókòó kan fún olórí ìjọ kọ̀ọ̀kan. Èèwọ̀ ni mo fi yà wọ́n sọ́tọ̀, torí ìjọ tí kò bá ní èèwọ̀, kò sẹ́ni tó máa rántí rẹ̀ lọ́la. Ohun tí mi ò rò ni pé ní ilẹ̀ wa, èèwọ̀ kì í ṣe ohun tí ẹnu ń sọ kí ẹnu tún gbé e mì. Kò pẹ́ tí ìyàwó Tìmóthì fi wá bi mí pé kí ló dé tí ọkọ òun kò jẹ́ kí a gún iyán láàárọ̀ mọ́. Mo bi Tìmóthì. Ó ní òun mọ̀ pé eré ni, ṣùgbọ́n kí ni òun fẹ́ fi iyán àárọ̀ ṣe.

Èkejì. Irinṣẹ́ mi, ìyẹn òòlù, àáké kékeré, rábò méjì tí mo fi ń fá pákó àti gbogbo ìṣó tó wà nínú agolo, mo fún Abdoulaye tí a jọ kọ́ṣẹ́. Ayùn ńlá náà di tirẹ̀. Tìmóthì kò gbọdọ̀ yá a. Ó fi í gé ìṣó lọ́dún 1971, ó ní pákó ló le.

Ẹ̀kẹta. Àwọn ewúrẹ́ tí àwọn ìyá tí ọmọ wọn sọdá odò mú wá fún mi, kí a dá wọn padà fún ẹni tó ni wọ́n. Mi ò pa ọ̀kankan nínú wọn. Òbúkọ dúdú nìkan ni mo fi owó ara mi rà, Délégé sì ni mò ń pè é nítorí pé kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Kí Àbíbù mú un, kó sì yí orúkọ rẹ̀ padà bí ẹ̀rù bá ń bà á.

Délégé kejì, tó jẹ́ èèyàn, aṣojú ìjọba ní ìlú wa, ló so ọ̀rọ̀ yìí mọ́ mi lọ́rùn. Lọ́dún 1976, tí wọ́n ń gbógun ti àwọn ìjọ àti àwọn àjẹ́, kọ̀mítéè Ìyípadà tí ìjọba gbé kalẹ̀ gbọ́ pé ìjọ tuntun mẹ́rin ti wọ Savè. Wọ́n pè wá sí búrò, ọ́fíìsì délégé náà. Mo ṣàlàyé ìlú Ẹ̀yìn-Àpáta láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo da èèpo ẹ̀pà sórí tábìlì rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni náà gbọ́ mi tán. Ó ní, "Bàbá, eré kì í ní èèwọ̀." Wọ́n wá kéde rẹ̀ ní àdúgbò Plateau àti ti Adido pé ìjọba ti fòfin de Onídàákẹ́, Aláriwo, Àyípadà àti Adúróde. Kí oṣù tó parí, àwọn tí kò gbọ́ orúkọ wọn rí ti ń béèrè ibi tí wọ́n ti ń pàdé.

Àwa fúnra wa jẹ́ kí ìjọ mẹ́ta kú. Adúróde kò gbà láti kú. Ìgbà tí àwọn ọ̀dọ́ ń sọdá Okpara lọ ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà nìyẹn, wọn kò sì padà. Hélène tó ń ta èlùbọ́ ló kọ́kọ́ wá. Ọmọ rẹ̀, Théophile, ti lọ. Ó bi mí bóyá lóòótọ́ ni mi ò sọdá odò. Mo ní mi ò tíì sọdá. Ó jókòó, ó sọkún, ó gbé abọ́ ẹ̀wà kalẹ̀, ó lọ. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe, kí n lé e? Lọ́jọ́ kejì ó mú ìyá mìíràn wá. Ẹnìkan ṣáà ń dúró de àwọn ọmọ wọn, èmi sì ni ẹni náà.

Nígbà tó di ọdún 1983 tí Nàìjíríà lé àwọn àlejò, àwọn ọmọ náà ya wọlé nínú ọkọ̀ akẹ́rù, tẹrù tibùsùn. Àwọn ìyá ní ìjókòó mi ló mú wọn wálé. Mo ní ìjọba Nàìjíríà ló lé wọn. Wọ́n bi mí pé ta ló fi í sí ìjọba lọ́kàn. Théophile nìkan ni kò bá wọn dé, láti ọjọ́ náà ni Hélène sì ti di mí mú gírígírí. Ẹnìkan wà lẹ́nu ọ̀nà mi lójoojúmọ́. Bí mo bá lọ sí ọjà, obìnrin méjì ń tẹ̀ lé mi. Mo ra sálúbàtà tuntun, wọ́n ní ibo ni bàbá ń lọ. Wọ́n ń tọ́jú mi, wọ́n ń bọ́ mi, wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún mi, ó sì sú mi dé ibi tí mi ò lè fẹnu sọ. Ẹran tí a so mọ́lẹ̀ pàápàá ń jẹun.

Ẹ̀kẹrin. Gbèsè. Mi ò jẹ ẹnikẹ́ni lówó. Wàsílátù ni mo jẹ ní èsì. Lọ́dún 1978, ó ń padà sọ́dọ̀ àwọn ará bàbá rẹ̀ ní òdìkejì odò. Albertine ti kú lọ́dún mẹ́sàn-án ṣáájú, kò sì sí ohun tó dí wa lọ́wọ́. Ó bi mí bóyá màá bá òun lọ. Mo ní kó jẹ́ kí n ronú. Irọ́ ni, mo ti ronú tán. Mo nífẹ̀ẹ́ obìnrin náà, mo ṣì nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo gbé àpò mi, àwọn ìyá ti kúnlẹ̀ sójú ọ̀nà. Bí wọ́n bá fi igi dí ọ̀nà, màá gbé igi kúrò, iṣẹ́ mi ni. Ta ló lè gba orí ìyá tó kúnlẹ̀ kọjá? Mo padà sílé. Lẹ́yìn náà ni ìjọba Nàìjíríà ti ibodè pa, ó sì di ohun tí mo lè fi tan ara mi jẹ. Wọ́n ti wá ṣí i lọ́dún yìí.

Ẹ̀karùn-ún. Àwọn àpótí ìjókòó. Ti Onídàákẹ́ wà lọ́wọ́ Tìmóthì, ti Àyípadà bá Wàsílátù lọ. Ti Aláriwo ti jóná nídìí ààrò Àbíbù. Ti Adúróde, tí èmi jókòó lé, mo fún Àbíbù pé kó máa jókòó lórí rẹ̀ rán ṣòkòtò. Igi ìrókò ni, ìdí kò ní dùn ún. Bí ẹnikẹ́ni bá wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kó gé ẹsẹ̀ àpótí náà kan.

Ẹ̀kẹfà. Ipò olórí Adúróde, n kò fi jogún fún ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo dá a sílẹ̀, èmi náà ni mo pa á rẹ́. Lóṣù keje, nígbà tí ẹsẹ̀ mi wú, Hélène àti àwọn àgbà wá bá mi pé ọmọ ni í jogún àpótí bàbá rẹ̀. Kó tó di pé mo dáhùn, wọ́n ti dá Clémentine dúró ní èbúté. Ẹja ni ọmọ yìí ń rà lókè odò tó ń tà ní Savè; ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà. Wọ́n ní kó má sọdá mọ́, kí ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ ọn lára. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ó wálé láìsí ẹja, ó sì kọjú sí ògiri. Èmi ti lo ọdún mẹ́wàá nínú ìlú tí mo fi ẹnu dá. Òun kò ní lo ọjọ́ kan níbẹ̀.

Ẹ̀keje. Fún Hélène, mo fi igbá ńlá mi àti ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Mi ò bínú sí ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó kò lè wá ẹni tó sọnù. Mò ń lọ sí ibi tí Théophile lọ. Màá béèrè rẹ̀ ní gbogbo ibi tí ẹsẹ̀ yìí bá gbé mi dé, bí mo bá sì rí i, màá fi etí rẹ̀ fà á wá bá ọ.

Ẹ̀kẹjọ. Ikú mi. Ọjọ́ Àìkú ni mo yàn láti sọdá, nítorí pé gbogbo ọmọ ìjọ mi wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi òkú mi ṣe ẹ̀rí. Bí mo bá rì, mi ò mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ ni, láti kékeré ni. Bí ọkàn mi bá dúró, dókítà ti kìlọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Bí ejò bá bù mí jẹ, ejò pọ̀ létí odò nínú òjò. Bí mo bá sì pé ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́hùn-ún, ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn náà kì í ṣe àmì. Ibi tí mo bá kú sí ni kí a sin mí sí. Kí a má gbé òkú mi padà wá sí Savè, nítorí mo mọ àwọn èèyàn mi: wọ́n á jókòó tì í.

Mo fọwọ́ sí i létí odò Okpara, ní ìhà ti Benin, lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹsàn-án, ọdún 1986.

Barthélemy Òkédélé

Àwọn ẹlẹ́rìí:
Dieudonné, tó fi alùpùpù mọ́bílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gbé mi dé ibí.
Àdìjá, tó ń yan ẹja ní èbúté; ìka ló tẹ̀.

Clémentine kò sí lára àwọn ẹlẹ́rìí, nítorí pé ajogún kì í jẹ́rìí sí ìhágún. Ó ti wà nínú ọkọ̀, ó di àjẹ̀ mú, ó ní kí n má pẹ́.